Ìwé Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Kẹtàdínlógún

Oṣù tó kọjá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin tí àwa tó wà níbẹ̀ kò tíì sọ tán di òní. Èmi kì í ṣe ìjòyè, n kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí. Aránṣọ ni mí. Fèrèsé gbọ̀ngán ààfin ni mo wá wọ̀n fún aṣọ ìkélé, okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí wọ́n ní kí n jókòó sí kọ̀rọ̀ kan kí n panu mọ́, pé ẹjọ́ ń bọ̀.

Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ni obìnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà. Iṣẹ́ igi ni bàbá rẹ̀ ṣe jẹun. Nígbà tí ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òun ló gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ní tẹ́lẹ̀, mẹ́ta ló kù, àwọn mẹ́ta náà sì ti ń wo ọ̀nà àtilọ. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Akọ̀wé Àgbà ìjọba ìbílẹ̀, ọkùnrin abikùn gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ kan tó máa ń rọra rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè. Alága ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé ibi tí Baálẹ̀ bá fi ẹjọ́ náà sí ni abẹ gé, torí ìdìbò ti sún mọ́lé, òun kò fẹ́ ariwo.

Baálẹ̀, tí gbogbo ìlú wa ń kí ní Kábíyèsí bí ọba, wo obìnrin náà.

"Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, wọ́n yọ mí kúrò nínú ìdíje tí n kò tíì wọ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ èèyàn kúrò níbi tí kò tíì dé?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn."

Baálẹ̀ ní kí ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri pé àwọn ń wá ẹni tí yóò gba àgbàṣe títún ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún ilé iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ kọ ìwé, kí ó sọ bí òun yóò ṣe ṣe é, kí ó fi ìwé náà sínú àpótí tó wà ní yàrá kẹtàdínlógún lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sí nínú àpótí, kí ó gba kámú."

"O kọ ìwé?"

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Mo yẹ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tó ṣeé yẹ̀ wò láti ìta wò kí n tó kọ ọ́. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo débẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá kẹtàdínlógún. Kò ṣí."

"Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni?"

"Rárá o. Ó há ni. Igi rẹ̀ ti mu omi òjò, ó ti wú mọ́ férémù. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò tún wọn ṣe ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Baálẹ̀ yíjú sí ọ̀hún, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

"Akọ̀wé wà ní yàrá tó dojú kọ ọ́, ó ń mu tíì. Ó ní, 'Ẹ tì í.' Mo ní mo ti tì í. Ó ní, 'Ẹ tún un tì.' Mo fi èjìká tì í títí èjìká fi ń ro mí. Mo wá sọ fún un pé irinṣẹ́ mi wà nínú àpò, kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, màá ṣí i."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹni tí wọn kò tíì gbé iṣẹ́ fún kò gbọdọ̀ fi irinṣẹ́ kan ilẹ̀kùn ìjọba, pé ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní báwo ni wọ́n á ṣe gbé iṣẹ́ fún mi. Ó ní kí n fi ìwé sínú àpótí. Mo ní ibo ni n óò gbà dé ìdí àpótí. Ó ní, 'Ẹnu ọ̀nà.'"

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ti ìwé mi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo wo ihò kọ́kọ́rọ́, mo rí i nílẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta péré sí ìdí àpótí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn ti yọ mí kúrò, torí ìwé mi kò sí nínú àpótí. Wọ́n ní bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n kọ ìwé ẹ̀sùn."

"Ìwé ẹ̀sùn náà ńkọ́?"

"Inú àpótí yẹn náà ni wọ́n ní kí n fi í sí."

Baálẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó kọjú sí Akọ̀wé.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí tí n kò fi jẹ̀bi gan-an nìyẹn."

"Là mí lóye."

"Òfin ní kí ìwé wà nínú àpótí. Òfin kò sọ pé kí ilẹ̀kùn ṣí. Bí ẹ bá sì rò ó wò, ilẹ̀kùn yẹn pàápàá, ara ìdíje ni. Ẹni tí ilẹ̀kùn ẹyọ kan bá dá padà, ṣé òun la ó wá kó mẹ́tàdínlógún lé lọ́wọ́?"

"O mọ̀ pé ó ti há kí ọjọ́ Ẹtì tó pé?"

"Mo mọ̀, Kábíyèsí. Mo gbé àpótí síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó há lọ́jọ́rú. Ọwọ́ Ọlọ́run ni."

"Kí ló dé tí o kò gbé àpótí náà lọ sí yàrá mìíràn?"

"Inú yàrá yẹn ló wà, Kábíyèsí. Ilẹ̀kùn ti há."

Ìyálóde, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, ti ń fi ọwọ́ lẹ́rán gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló bèèrè báyìí.

"Ṣé a wá rí ẹni tí ìwé rẹ̀ dé inú àpótí náà?"

"Ẹnì kan péré ni, ìyá. Ẹni tó múra sí iṣẹ́. Òun la gbé e fún."

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni?"

Akọ̀wé wo òrùlé. "Oníṣẹ́ ọwọ́ ni."

Wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ náà jáde síwájú. Ta ni mo rí bí kò ṣe onígbàjámọ̀ tó ń gé irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi fúnra mi ti jókòó lórí àga rẹ̀ rí. Àbúrò ìyàwó Akọ̀wé ni, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí ẹni náà á fi gbàgbé pé etí kan lòun ní tó ṣì kù.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Baálẹ̀ bi í.

"Mò ń gé nǹkan, Kábíyèsí."

"Bíi kí ni?"

"Bíi irun."

"Kí ló pa irun pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn?"

"Kábíyèsí, gbẹ́nàgbẹ́nà ní ayùn, èmi ní àlùmọ́gàjí. Gígé náà la jọ ń gé. Òun ń fá igi, èmi ń fá orí. Tèmi tiẹ̀ le jù, torí igi kì í yí ọrùn padà lójijì kí ó ní òun gbọ́ ìró mọ́tò."

Akọ̀wé mi orí gidigidi. "Iṣẹ́ kan náà ni, Kábíyèsí. A yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí a tó fọwọ́ sí i."

"Ó dáa. Onígbàjámọ̀, ibo lo gbà wọ yàrá náà?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mo gbà."

"Èyí tó ti há láti Ọjọ́rú?"

"Ó ṣí fún mi díẹ̀."

"Báwo ni ilẹ̀kùn tó há ṣe ń ṣí díẹ̀?"

"Ara mi fúyẹ́ ni, Kábíyèsí."

Gbogbo wa wo ara tó fúyẹ́ náà. Òun náà wo ara rẹ̀. "Fèrèsé ni mo gbà," ó wí.

Akọ̀wé bọ́ sí i kíá. "Fèrèsé wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó dí ìyá yìí lọ́wọ́ àtigbà á."

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, Kábíyèsí," Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. N kì í ṣe ológbò."

"Báwo lo ṣe dé òkè?" Baálẹ̀ tún bi onígbàjámọ̀.

"Àkàsọ̀ ni mo gùn."

"Àkàsọ̀ ta ni?"

Onígbàjámọ̀ yíjú sí Akọ̀wé. Wọ́n pe ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ìjọba ìbílẹ̀. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Akọ̀wé.

"Ta ló wọ géètì lọ́jọ́ Ẹtì yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó wọlé, Kábíyèsí. Mo dúró bí òpó láti àárọ̀."

"O kò rí ìyá yìí?"

"Mo rí i. Ó kí mi, ó tiẹ̀ bi mí nípa ẹsẹ̀ ìyàwó mi tó wú."

"Ó wọlé àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé. Àmọ́ bí mo ṣe rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń jáde, ó jọ ẹni tí kò rí ibi kankan wọ̀, ni mo bá kà á mọ́ àwọn tí kò wọlé."

"Onígbàjámọ̀ ńkọ́?"

"Òun ni n kò rí rárá."

"Ta ló wá di àkàsọ̀ mú fún un?"

"Èmi ni."

Lọ́tẹ̀ yìí, Baálẹ̀ kò rí ẹ̀rín àwọn èèyàn dá dúró. Ó ní sùúrù títí ó fi rọlẹ̀.

"Ẹni tí o kò rí lo di àkàsọ̀ mú fún?"

"Kábíyèsí, ẹni tó bá ń di àkàsọ̀ mú, kì í wòkè. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rí."

"Ta ló ní kí o gbé àkàsọ̀ ìjọba jáde?"

Ẹ̀ṣọ́ náà wo Akọ̀wé, ó wo Baálẹ̀, ó wá ṣí fìlà. Ó yọ ìwé pélébé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. "Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan ìjọba fún ẹnikẹ́ni láìgba ìwé. Mo gba ìwé. Òun rèé."

Ìyálóde gbà á, ó sì kà á síta. "'Fún àna mi ní àkàsọ̀ gígùn láàárọ̀ ọ̀la. Di ìdí rẹ̀ mú dáadáa. Bó bá ṣubú, ìyàwó mi kò ní jẹ́ kí n gbádùn.'" Ó yí i padà. "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i."

"Gílóòbù iná ló fẹ́ bá wa pààrọ̀," Akọ̀wé wí.

"Gílóòbù wo?" onígbàjámọ̀ bèèrè.

Ojú ń ti àwọn ìjòyè bá wọn. Akọ̀wé kò tíì gbà. Ó ní ká pa ti àkàsọ̀ tì, pé ìwé tí ìyá ń pariwo rẹ̀ yìí kò tiẹ̀ sí láyé, ká pe agbálẹ̀ kí ó wá jẹ́rìí. Agbálẹ̀ jáde, obìnrin kan tí kò gbé ojú kúrò nílẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá yàrá kẹtàdínlógún, Kábíyèsí. Mo gbá a lọ́jọ́ Ẹtì náà. N kò rí ìwé kankan nílẹ̀."

"Fèrèsé ni ìwọ náà gbà wọlé?"

"Kábíyèsí, bí mo bá sọ òótọ́, ṣé wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́?"

"Bí o bá purọ́ ni wọ́n á lé ọ."

"Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni mò ń gbá, láti Ọjọ́rú tí ilẹ̀kùn ti há. Akọ̀wé ló ní kí n wá sọ pé inú ni."

Baálẹ̀ rán ìjòyè kan àti ẹ̀ṣọ́ náà lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀, tó wà ní òdìkejì títì, pé kí wọ́n gbé àkàsọ̀ yẹn kan náà, kí wọ́n sì kó ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú yàrá náà wá. Mo wọn fèrèsé méjì kí wọ́n tó dé. Àpótí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìjòyè yẹn na àpòòwé kan sókè, eruku bò ó. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ojú ẹsẹ̀ bàtà kan sì tẹ̀ ẹ́ láàárín gbùngbùn, ti oníràwọ̀ kéékèèké.

"Onígbàjámọ̀, gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè," Baálẹ̀ wí.

Ó gbé èyí tí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ, tí àmì rẹ̀ sì ti parẹ́.

"Gbé èkejì."

Ìràwọ̀ kéékèèké ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Mo rò pé ilẹ̀ ni mo tẹ̀, Kábíyèsí."

Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà kò wo bàtà. Àpòòwé náà ló ń wò, bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù lọ́jà. Baálẹ̀ rí i. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ìyá, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n gbé iṣẹ́ náà fún ọ?"

Mo rò pé yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ìbá sọ bẹ́ẹ̀.

"Rárá, Kábíyèsí. Bàbá mi ló kan àwọn ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo wọn, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó wà nílé, kò lè di ìṣó mú mọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá wọ́n ti ka ìwé mi. N kò rí ẹnu sọ fún un pé wọn kò ṣí i. Bí wọ́n bá kà á, tí wọ́n sì ní ti ẹlòmíràn dára jù ú lọ, màá padà sílé, màá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò ní dùn mí. Kí wọ́n ṣáà kà á."

Ìyálóde gba àpòòwé, ó ya á. Ojú ewé mẹ́fà ni. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo nǹkan kan. Nínú ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìnlá ni Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà ní igi wọn kò tíì kú, pé kí wọ́n fá wọn, kí wọ́n fi epo pa wọ́n, wọ́n á tún lo ogún ọdún. Mẹ́ta péré ló ní kí wọ́n kan tuntun. Nígbà tí ó ka ìyẹn tán, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú ìwé onígbàjámọ̀ jáde. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: "Kí a sọ gbogbo ilẹ̀kùn nù, kí a ra òmíràn." Ìyálóde gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àkàsọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ló kọ méjèèjì.

Baálẹ̀ dìde dúró. Gbogbo wa dìde.

"Kí n tó dájọ́, mo fẹ́ mọ ohun kan dájú," ó wí. "Akọ̀wé, o ní iṣẹ́ onígbàjámọ̀ àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ kan náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Mo dúró lórí ẹ̀."

"Irun rẹ ti kún. Ìyá, ṣé ayùn wà nínú àpò rẹ?"

"Ó wà, Kábíyèsí."

"Gbé e fún onígbàjámọ̀. Ẹ gbé àga fún Akọ̀wé. Kí àna rẹ̀ fi ayùn gé irun rẹ̀ níwájú wa, kí a lè rí i pé iṣẹ́ kan náà ni lóòótọ́."

Wọ́n gbé àga. Onígbàjámọ̀ gba ayùn, ó fi àtàǹpàkò kan eyín ayùn náà, ó sì wo orí àna rẹ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì bí ẹni tó ń ronú ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé kò tíì fìdí kan àga tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́. Ayùn kì í ṣe àlùmọ́gàjí."

"Tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́."

"Ayùn kì í ṣe àlùmọ́gàjí, Kábíyèsí. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni méjèèjì."

"Ó tán," Baálẹ̀ wí. Ó sì dájọ́.

Ó ní kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún onígbàjámọ̀, kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láàárín ọjọ́ méje, kí àpótí wà ní gbangba níwájú géètì níbi tí arọ pàápàá lè dé, kí wọ́n sì ka gbogbo ìwé síta. Ó ní òun kò gbé iṣẹ́ fún Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà, torí kì í ṣe iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àyè ni. Ó ní níwọ̀n bí Akọ̀wé ti sọ pé fèrèsé wà fún gbogbo ayé, kí wọ́n kó tábìlì rẹ̀ lọ sí yàrá kẹtàdínlógún lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó máa gun àkàsọ̀ wọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kí ó máa gùn ún jáde nírọ̀lẹ́, títí wọn yóò fi tún ilẹ̀kùn náà ṣe. Onígbàjámọ̀ ni kí ó máa di àkàsọ̀ mú.

"Kábíyèsí, bó bá jẹ́ kí n já bọ́ ńkọ́?" Akọ̀wé bèèrè.

"Ṣebí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní," Baálẹ̀ wí, ó sì wọlé lọ.

N kò rí i kí ìwé ìjọba yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ láti ọdún tó kọjá, láàárín ọjọ́ méje, gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́rin ti kọ̀wé, wọ́n ti kà wọ́n lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ìwé Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà ló borí. Ẹni tó ṣe ìkejì fúnra rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun kò mọ̀ pé mẹ́rìnlá nínú wọn ṣì yè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé bàbá rẹ̀ wá, ó gbé àga fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá náà fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó ní ibí yìí ni òun ti ṣe àṣìṣe, kí wọ́n fá a díẹ̀ sí i.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, torí wọ́n ti ní kí n wá wọn fèrèsé tiwọn náà. Akọ̀wé ti orí àkàsọ̀ ké sí Ìyá Gbẹ́nàgbẹ́nà, ó rọra ṣe é bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ò lè bá mi bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kẹtàdínlógún?"

"Ó wù mí, Akọ̀wé," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìkéde pé láti yàrá kìíní ni kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan."

Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀. Onígbàjámọ̀ di àkàsọ̀ mú, ilẹ̀ ló ń wò. Ìdí ilẹ̀kùn kọkànlá ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì wà.